Ohùn Bàbá Rẹ Nínú Ohun Tí Kò Tó Bisikíìtì

Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
Lẹ́yìn Ìlọrin.

Amudat ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùmù. Mo kí ọ, mo kí Ọládiméjì ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Trikania lókè Ọya lọ́hùn-ún, títí kan onílé yín tí inú ń bí lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ èèrà nínú òkùnkùn yóò máa ṣọ́ yín. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà bí òjò bá ṣú. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn ìwé jíjẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lé ìwé tó kù bí mo ṣe ń kọ èyí. Bá mi kí Huda ọmọ rẹ. Yorùbá ni mo fi kí i lórí fóònù, Hausa ló fi dá mi lóhùn, mo bá yí i sí Hausa tí mo kọ́ nígbà tí a ń gbé Kakuri lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ, kí Ọlọ́run foríjìn wọ́n, ló mú mi kọ̀wé. Fóònù kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó máa ń já mọ́ mi lẹ́nu. O ní háàdì dísìkì inú kọ̀ǹpútà náà, tí gbogbo fídíò wáàsí wọn wà nínú rẹ̀, ti ń kú lọ, pé ariwo tó ń pa kì í ṣe ariwo ayọ̀. O ní wàá kó wáàsí náà lọ sínú ohun kan tí ẹ ń pè ní SSD, tí kò tó bisikíìtì, tí kì í dún, tó sì ń yára bí ẹni tí wọ́n pè wá gba owó. Ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ ká kò láyè tó ti àtijọ́, nítorí náà wàá gé ohun tí kì í ṣe wáàsí kúrò nínú àwọn fídíò náà: ikọ́, àkùkọ tó ń kọ, àti gbogbo ohun tó ṣáájú bísímílà. Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

Kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní èyí tí kò yé mi. Bàbá rẹ ga débi pé wọ́n máa ń tẹ orí ba kí wọ́n tó wọ yàrá mi. Bí wọ́n bá wọ inú ohun tí kò tó bisikíìtì, ṣé ohùn wọn kò ní tín-ín-rín bí ti ọmọ ọwọ́? Bí ohun náà bá sì yára bí o ṣe wí, ṣé wáàsí náà kò ní máa sáré? Ẹ̀sọ̀ ni bàbá rẹ fi ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n má lọ máa wáàsí bí ẹni tí ajá ń lé. Má ṣe jù ú sínú pọ́ọ̀sì pẹ̀lú owó ẹyọ, má sì gbé e síbi tí bàtà wà. Ìyá Táyéwò, aládùúgbò mi, ní kí n kìlọ̀ eku fún ọ, nítorí eku kì í fi ohun tó jọ bisikíìtì sílẹ̀.

O tún ní wàá pa ohun inú ti àtijọ́ rẹ́ kí o tó tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù ní àdúgbò tí ẹ ń pè ní Television. Amudat, ọmọ àáfáà ni ọ́. O mọ̀ pé a kì í pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ́ lójú wàláà kí a da omi rẹ̀ nù. Hàǹtú ni, omi wàláà tí à ń mu fún ìwòsàn. Omi tí ẹ bá fi fọ̀ ọ́, gbà á sínú ike mímọ́, dé e dáadáa, kí o fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. N ó mu díẹ̀ fún orúnkún, ìyókù di ti ìyá Táyéwò, ó ti gbé kólòbó wá dè é.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àìdún rẹ̀. Ìwọ kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gbé Kakuri, tí bàbá rẹ ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní kéwú, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, tí ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn kan ní a ó wá máa sùn dáadáa. A sùn lóòótọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kéwú tú ká, tí àwa náà di ẹrù wa wá sílé. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tí kò bá dún, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i. Ìwọ wá ní ariwo ni ti àtijọ́ yìí fi ń kú, pé èyí tí kò dún ni yóò pẹ́. Mo rò ó títí, ó jọ pé ayé ló ti yí.

O ní ohun kékeré yìí wọ́n ju ńlá lọ, pé ìyára lẹ ń fi owó rà, kọ̀ǹpútà yóò jí kí ènìyàn tó ṣe bísímílà tán. Bàbá rẹ ní tiwọn, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a lọ ṣe àlùwàlá, wọn a padà wá bá a níbi tó ti ń yí. Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Orúkọ Huda pàápàá, ibi tí a ti ń dúró kí kọ̀ǹpútà yẹn jí ni èmi àti wọn ti mú un. Mi ò bú ìyára, ẹ nílò rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo kàn ń rò ó ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nínú àwọn fídíò yẹn, kí wọ́n tó ṣe bísímílà, wọ́n máa ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọn a pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, wọn a ní kí n gbé omi wá. Ohun tí o fẹ́ gé nìyẹn. Ìyá Amudat ni gbogbo ayé ń pè mí báyìí. Àwọn tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ ti wọlẹ̀ tán. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, bí àyè kò bá gbà, wáàsí ni kí o gé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà lẹ́nu gbogbo àáfáà, orúkọ mi kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn.

Owó òrùlé tí mo ń béèrè, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi kún tọwọ́ rẹ, kí o ra èyí tí àyè rẹ̀ tó, n ó máa gbé garawa síbi tó ń jò. Owó káàdì fóònù àti ti oúnjẹ ewúrẹ́ ni kí o fi ránṣẹ́, ìyá kì í kúkú kọ̀wé sọ́mọ láìtọrọ nǹkan. Ọlọ́run yóò sọ ọ́ di púpọ̀ fún ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dákẹ́, Huda yóò dàgbà lójú rẹ.

Bí o bá ti kó o tán, pè mí. Má kí mi, má sọ̀rọ̀. Gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí o jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ná. Màá jẹ́ wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.