Káàdì Aláwọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Bá Ọ Rà ní Tákíè

Ọládépò ọmọ mi, Àkànní, mo kí ọ, mo kí Marufat ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé Èkó ò le jù fún yín? Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín, ẹ ò ní rí... háà, Ọládépò, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ ná? Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà láyé, káàdì kọ̀mpútà lo rí rán ìyá rẹ? O ò ní kí n ra wàrà ránṣẹ́, o ò ní kí n ra gàrí!

Àlàáfíà la wà nílé. Àbíkẹ́ àbúrò rẹ ti bí ọmọ, obìnrin ni, imú rẹ ló gbé wá, a ń bẹ Ọlọ́hun kó bá a tún un ṣe.

Mátíù awakọ̀ fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá Simon tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Tákíè, bí o ṣe wí. Ó kó káàdì mẹ́ta síta, ó ní àwọn ló ń mú àwòrán jáde lójú kọ̀mpútà. Ọ̀kan ń gbé àwọ̀ kan ṣoṣo jáde, èkejì mẹ́rin, ẹ̀kẹta mẹ́rìndínlógún. Mo ní kó di aláwọ̀ kan fún mi, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ òfì lọ́jà Akẹ̀sán, ìwọ náà mọ̀, sányán ni bàbá aṣọ, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní. Aláwọ̀ mẹ́rìndínlógún, àgbà wo ló máa gbé irú ẹ̀ jáde? Simon ní ìyá, ọmọdé ló fẹ́ fi ṣeré, wọn ò lọ síbi ìyàwó. Mo ní kó dákẹ́, kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń yan ọjà.

Ló bá ki aláwọ̀ kan bọ kọ̀mpútà tirẹ̀, ó ní kí n dán an wò. Ọkùnrin kékeré kan ń rìn nínú igbó, mo ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń lọ. Igbó àwọ̀ ewé, ọkùnrin náà àwọ̀ ewé, ohun tí mo pè ní igi, àṣé ejò ni! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu ejò. Mo ké ìnnà lílláhì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ọkùnrin náà tún dìde. Simon ní ẹ̀mí mẹ́ta ló ní. Mo ní ta ló fún un?

Ó wá ki aláwọ̀ mẹ́rin bọ̀ ọ́. Ejò pọ́n bí osùn, ọ̀nà funfun báláú, mo rí ejò lókèèrè, mo sì mú ọmọ náà kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé aṣọ lọ́tọ̀, kọ̀mpútà lọ́tọ̀.

Ojú mi wá wọ aláwọ̀ mẹ́rìndínlógún. Bí mẹ́rin bá dáa báyìí, mẹ́rìndínlógún ńkọ́? Simon ní ìyẹn ò bá tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ yín ṣe, gíláàsì tí wọ́n fi ń wo àwòrán rẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ó sì wọ́n ju kọ̀mpútà fúnra rẹ̀ lọ. Aláwọ̀ mẹ́rin ni tẹlifíṣọ̀n yín á gbà. Mo rántí pé Marufat ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí kọ̀mpútà yìí, ẹ sì ti ṣèlérí fáwọn ọmọ àdúgbò pé ilé géèmù yín á ṣí lọ́jọ́ Iléyá. Bí mo bá ra èyí tí kò bá a mu, kí lẹ máa jẹ? Mo ra aláwọ̀ mẹ́rin. Mo ní kí Simon fi èènì sí i, ó ní wọn kì í fi èènì sí káàdì. Mo jókòó. Nígbà tó rí i pé mo ti ń tẹ́ ẹní ìrun sáàrin ṣọ́ọ̀bù, ó mú wáyà tó ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wá.

Mátíù ló ń gbé e bọ̀, mo fi òwú wé e dáadáa. Owó òróró ọdún mi ni mo fi kún owó rẹ, dá a padà, kí o sì fi ti àgbò lé e, àgbò tó níwo, kì í ṣe irú ti èṣí tí àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ó máa ń gbó.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ilé géèmù yín kún bí ọjà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ Marufat á padà wá, á sì di méjì. Èmi ìyá rẹ ni.

Ó tó bẹ́ẹ̀, Zulaikha, gbé bírò sílẹ̀. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Kà á padà fún mi, kà á sókè, kí n gbọ́ bóyá ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń rà.