Fèrè Muiris ní Etí Sàréè Malachy

                                        Abúlé Cloonacool,
                                        Tubbercurry, Sligo,
                                        Ireland.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi Attracta, ẹni ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Boston? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ní tiwa, màlúù ń fún wa ní wàrà, òjò ò sì tíì wó òrùlé lé wa lórí. Ọ̀rọ̀ Muiris àbúrò wa ló mú mi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà ò sì dára.

Ẹ mọ̀ pé kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀ tó fi ń fọn fèrè bàbá wa. Òun àti Malachy onígòjé ni wọ́n jọ lọ sí London. Wọ́n ń ru bíríkì lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣeré nílé ọtí lálẹ́. Ibẹ̀ ni òkìkí wọn ti kàn dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin náà jó sí i, ẹ ní bàtà yín já. Muiris kò fẹ́yàwó. Fèrè ti gba gbogbo ara rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti padà wálé nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Muiris nínú oṣù kẹta. Ẹsẹ̀ sàn, ọwọ́ sàn, ṣùgbọ́n ẹnu wọ́ sápá kan, kò lè mu tíì láì dà á sáyà. Dókítà ní kó dúpẹ́ pé ó ń rìn. Muiris ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń fọn fèrè ni?"

Ibi tí a ti ń fara da ìyẹn ni Malachy sùn tí kò jí mọ́. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ìgbà èwe pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò fi orin sin èkejì. Mo bẹ Muiris pé ká wá ẹlòmíràn. Ó ní, "Deirbhile, fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹlòmíràn ló bá a jẹyà ní London?" Ó ń lọ dán an wò lẹ́yìn ilé màlúù, níbi tó rò pé mi ò ní gbọ́. Mo ń gbọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo abúlé dúró nínú òjò létí sàréè. Fadá parí àdúrà, Muiris gbé fèrè sẹ́nu. Atẹ́gùn ló jáde. Ó nu ètè, ó tún gbé e sẹ́nu. Atẹ́gùn náà ni, itọ́ ń ṣàn sí i lágbọ̀n. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí ihò fèrè, kò ṣì í níbì kankan. Àwa tá a mọ orin náà ń fi ojú rí i, a ò gbọ́ ọ. Nuala, opó Malachy, dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ó tó, Muiris. Malachy ti gbọ́."

"Kí ló gbọ́? Ṣebí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lórí sàréè yìí látàárọ̀."

Láti ọjọ́ náà, iwájú iná ló ń jókòó, ọ̀dùnkún á tutù sínú àwo. Lánàá, rédíò gbé orin òun àti Malachy sáfẹ́fẹ́. Mo sáré kí n pa á, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ọkùnrin inú rédíò wá ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Malachy, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Muiris ní, "Bá mi sọ fún un pé àwa méjèèjì ni wọ́n sin."

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ̀yin bá rí èsì fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni àbúrò yín tọ́kàn rẹ̀ wúwo,
Deirbhile.