Ọkọ Mi Ń Jẹun Níta, Èmi Náà Sì Ń Bá A Lọ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Savalou níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi tó ń múra ìdánwò. Inú mi dùn débi pé bí mo bá ń ránṣọ lọ́wọ́, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, oníbàárà á sì bi mí bóyá aṣọ òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé ẹnì kan tó ti Savalou dé wá sọ fún yín pé ọkọ mi ń jẹun níta. Mo mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Ṣakí: pé ó ti ní obìnrin mìíràn. Wọ́n ní ẹ ò sùn dáadáa mọ́. Màmá, òótọ́ ni, ó ń jẹun níta. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, abọ́ kan náà la sì jọ ń bọwọ́ sí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́ láti orí òkè, mo ń gúnyán nírọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Èmi nìkan ni nídìí odó. Màhí ni gbogbo àdúgbò ń sọ, mi ò gbọ́ ọ. Ọkọ mi á ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lára, a ó jẹun, oorun á sì gbé wa lọ láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gbé odó sílẹ̀, kí n wọ bàtà. Ó mú mi lọ sí búkà kan lọ́nà Bantè, níbi tí obìnrin mẹ́ta ti ń gúnyán nínú odó kan, tí ọmọ odó wọn ń dá ara wọn lóhùn. A jẹun, a sọ̀rọ̀, a tún sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ Màhí, ibẹ̀ ni mo ti rí oníbàárà. Iṣu, èédú àti ata ẹni méjì kò kúkú dínwó ju tibẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ọkọ mi ní Lougba. Wọ́n gun ọ̀kadà wá tiṣu tiṣu, ìdí odó mi ni wọ́n sì kọ́kọ́ lọ. Aláǹtakùn ti ta sí i. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé aláǹtakùn ni ọmọ àwọn fẹ́ níyàwó. Mo rò pé wọ́n á dá mi padà sí Ṣakí. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró odó ní búkà, wọ́n dìde, wọ́n fẹ́ lọ gba ọmọ odó. Ìyá olóúnjẹ rọra dá wọn padà, ó gbé omi ìṣanwọ́ fún wọn. Iyán dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti lè gbé ọmọ odó, mi ò tíì jẹ iyán tí ẹlòmíràn gún." Wọ́n wá pè mí ní "ìyàwó mi", wọ́n ní kí n bá àwọn bèèrè bóyá ó kù.

Ní báyìí, bí wọ́n bá ń bọ̀, wọn kì í gbé iṣu wá mọ́. Ọ̀nà búkà ni wọ́n ń júwe fún ọlọ́kadà.

Màmá, ẹ sùn. Mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni gúnyán fún ẹ̀yin náà. Ẹ máa bọ̀. Àyè yín wà lórí bẹ́ǹṣì, láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ọmọ odó.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, láṣẹ Olúwa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ẹni tó mú ìròyìn wá pàápàá. Ẹ sọ fún un pé ohun tó rí, ó rí i dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi, níbi tí mo jókòó sí, nìkan ni kò wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́, ìyàwó Tíṣà