Kálàmù Igi Osùn Tí Yóò Jẹ́rìí Pé Mo Wà Láàyè

Glenn Dale, Maryland,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006.

Adékúnlé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí ilé tí ẹ ń gbé ní Èkó láti orí òrùlé dé ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ yín, kí ó máa mọ́ yín sí ayọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tí ó jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ gbólóhùn yìí. Dákun, wo ìwé náà dáadáa kí o tó kà á síwájú. Wo bí mo ṣe ń tẹ ìrù «y» lábẹ́ ìlà, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe fi pàṣán kọ́ mi. Ta ni ó tún ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wa? Èmi ni. N kò tíì kú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà ọ́. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti rọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ Tóyìn sì mú mi wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ níhìn-ín fún ìtọ́jú, ṣíbí ni mo lè dì mú, kálàmù kò ṣeé dì mú. Nítorí náà ni Zoe, ọmọ Tóyìn, ṣe bá mi fi ẹ̀rọ kọ lẹ́tà oṣù Kẹfà sí ọ. O kò rí ọwọ́ mi níbẹ̀, o sì ṣe bí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́n: o ní wọ́n ń fi ikú mi pamọ́ fún ọ. Ó yé mi, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá tèmi kú, oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí mi ní ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù pé ó ní kí wọ́n kí mi.

Tóyìn ròyìn fún mi pé o fi fóònù pe òun, o ní ẹ̀gbọ́n kì í purọ́ ikú fún àbúrò. Ó ní mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, o bi í pé ṣé lórí àga ni tàbí nínú pósí. Nígbà tí mo sì bá ọ sọ̀rọ̀ fúnra mi, o ní àwọn ará Amẹ́ríkà lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí ó tó kú. Mo bi Zoe bóyá òótọ́ ni. Ó fi àpótí dúdú kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ní òun ni ó ń gba ohùn sílẹ̀. N kò bínú sí ọ mọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kí àpótí yẹn ní àárọ̀ kí n tó kọjá, kí ó má baà sọ ohun tí n kò rán an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbátan wa Ìdírísù sọ pé o ti pe ẹbí jọ fún Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá láti jíròrò ìsìnkú mi, oorun dá lójú mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Tóyìn ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Felix, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó ń fi igi ṣe kálàmù ní Sátidé nínú ilé mọ́tò rẹ̀ ní Forestville. Ọ̀nà tí a gbà yí ìlú ká roboto bí ìgbànú. Mo gbàdúrà fún gbogbo àwọn tí ó wà lórí rẹ̀, nítorí n kò mọ bí wọn yóò ṣe dé òpin rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Felix da irin wẹ́wẹ́ sórí tábìlì láti inú ọ̀rá: ṣóńṣó, ìdérí, àti ìkọ́ tí a fi ń há a sí àpò. Mo bá a kẹ́dùn. Mo bi í pé kálàmù ta ni ó fọ́ yángá báyìí. Ó ní, Bàbá, kò fọ́ o, kíìtì ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á, èmi ni n ó fi igi wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí mo fẹ́ gbà á, mo ní kí Tóyìn kọ ọ́ pé: kí ẹbí tó jókòó lórí òkú mi. Ọ̀gbẹ́ni Felix bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi Tóyìn pé ṣé ara bàbá yìí yá báyìí. Tóyìn ní òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Mo jẹ́wọ́ pé kíìtì aláwọ̀ wúrà ni ojú mi kọ́kọ́ wọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó parí. Nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Felix mú ọ̀kan tí kò lẹ́wà jáde, tí ó nípọn bí àtàǹpàkò mi, tí irin rẹ̀ kò pọ̀. Èyí jókòó sí ọwọ́ mi.

Ó kan igi. Ó gbé igi ólífì láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kalẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ bíi káàdì ìrìbọmi. Mo ṣí fìlà. Síbẹ̀ n kò gbà á, nítorí mo máa ń fi ìdí kálàmù họ ẹ̀yìn, igi ilẹ̀ mímọ́ kò sì yẹ fún èyí. Ìgbà náà ni mo rí igi pupa kan. Mo fi èékánná họ ọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ kun ìka mi: osùn, ọmọ mi, osùn tí ìyá mi fi pa ìwọ gan-an lára nígbà tí a bí ọ! Ọ̀gbẹ́ni Felix ní òkun ni ó gbà wá. Mo ní bàálù ni èmi gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe dán ibi tí ìka mi yóò wà, kí ó má baà yọ̀.

Àná, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Tóyìn fún mi ní àpòòwé ọrẹ. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dúró, mo sì kọ orúkọ mi tán láìsinmi. Tóyìn yíjú sí ògiri. Èmi náà yíjú síbẹ̀. Ara tù mí, ọmọ mi, bí ẹni tí a gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Taofeek, tí ó háyà yàrá nítòsí wa, ń bọ̀ wá sí Èkó lọ́jọ́bọ̀. Òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Jẹ́ kí Ìdírísù náà wò ó, kí ẹ sì tú ẹbí ká pẹ̀lú sùúrù. Ní ti owó tí Ìdírísù ní ẹ ti dá fún ìsìnkú mi, ẹ má ṣe pín in. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, òtútù ń bọ̀ níhìn-ín, n kò sì ní kóòtù. Tóyìn ní ohun ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n owó òkú tí òkú fúnra rẹ̀ bá béèrè, ta ni yóò ní kò tọ́ sí i?

Kí Olúwa tọ́jú rẹ. Bí o ṣe kọ̀ láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí mi, kí àwọn ọmọ tìrẹ náà fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ọ nígbà ogbó rẹ. Àmín.

Èmi ni, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi,
Bàbá rẹ,
J. A. Fẹ̀yìntọlá