Múfú Fi Ọ̀sà Ṣe Púùlù

Ọjọ́bọ̀

Obìnrin tí ìjọba rán dé lónìí láti yẹ ibi ìṣeré ọmọdé tí mo fẹ́ ṣí ní Bàrígà wò. Láìsí ìwé àṣẹ rẹ̀, ọlidé àwọn ọmọ iléèwé yìí máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Múfú àbúrò ọkọ mi, tó sọ ara rẹ̀ di Dàrẹ́kítọ̀, ti kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà pé a ní púùlù tí ọmọdé ti lè lúwẹ̀ẹ́. Ta ló bi í?

Obìnrin náà bi í pé, "Ọ̀gá, púùlù ọ̀hún dà?"

Múfú na ọwọ́ sí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé. "Màdáámù, òun nìyẹn. Ọlọ́run ló bá wa gbẹ́ ẹ."

Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Òpònú.

Obìnrin náà ní ká kọ́kọ́ mọ ògiri dí ọ̀sà, ká sì pa irọ́ yẹn rẹ́.

Ògiri! Kí ọlidé tó dé?

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú." Ẹnu Múfú ṣì ń yọ̀.

Lọ́la, màá fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ púùlù rẹ́ lára pátákó. Orúkọ Dàrẹ́kítọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà náà á kárí méjèèjì.