Ẹ̀yìn Rísì Kanlẹ̀

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Mo bú Rísì ọmọ ọmọ mi lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí.

Mo lọ wo ìjàkadì tó ń kọ́ ní Ìdúmàgbò, èyí tó ti Bùràsíìlì wá bíi àwọn Àgùdà. Ọmọbìnrin kan gbé e ṣánlẹ̀. Ní tiwa, bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ìjà tán. Mo ti gbé báàgì mi pé ká máa lọ. Àṣé ibẹ̀ ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀! Rísì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ọmọ náà, ó lẹ ìgúnpá mọ́ ìhà, kò sí ibi tí ọmọ yẹn gbà tí kò dí mọ́ ọn. Inú mi dùn. Àmọ́ dídí nìkan ló ń dí. Nígbà tó yá, ọmọ náà ká a lápá, Rísì fi ọwọ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì fi í sílẹ̀.

Mo ní, "O ń bẹ̀bẹ̀? Ìwọ, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ibi tí dídí parí sí nìyẹn. Bí mi ò bá lu ẹní, apá á kán. Mo ṣì fẹ́ fi jà lọ́la."

Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí ká lọ fi orúnkún mi han dókítà. Mo máa ń ní kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nígbà tá a délé, orúnkún náà kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn. Rísì dúró tì mí.

Mo lu èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ká lọ rí dókítà ní Mọ́ńdè, Màmá?"

Mo ní Mọ́ńdè, àmọ́ kó má sọ fún ìyá ẹ̀.