Mummy Ò Dáhùn Ìkíni Mi Mọ́ Nítorí Iṣẹ́ Ìjọba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará page yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa... Peckham ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tá a ń pè ní Mummy. Àwọn ló mú mi wá sí London, inú ilé wọn nítòsí Peckham Rye ni mo ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, civil servant. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n gbé mínísítà tuntun wá sí ọ́fíìsì wa, tó wá jẹ́ pé Bọ̀dá Dáre, ọmọ Mummy, ni olùdámọ̀ràn rẹ̀. Inú wa dùn! Mummy jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó nínú sùtánà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, pé ọmọ àwọn méjèèjì ń bá mínísítà kan náà ṣiṣẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ wa ò jọra o! Òṣèlú ni ti Bọ̀dá. Ẹgbẹ́ ló gbé wọn wá, wọ́n lè bú àwọn alátakò bó ṣe wù wọ́n, tí mínísítà bá sì kẹ́rù lọ́la, àwọn náà á kó tiwọn. Èmi ò gbọ́dọ̀ ṣe ti ẹgbẹ́ kankan, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni màá bá ṣiṣẹ́. Bọ̀dá wá ní kí n bá àwọn kọ speech tí mínísítà máa kà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n fi na àwọn alátakò dáadáa. Mo ní mi ò lè ṣe é, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò bá mi jà rárá, wọ́n kàn lọ sọ fún Mummy. Inú ń bí mi! Bọ̀dá mọ òfin iṣẹ́ ìjọba yìí jù mí lọ, wọ́n sì mọ ẹni tí mi ò lè sọ pé rárá fún.

Ha, Mummy pè mí sí kitchen, ìrẹsì wà lórí iná, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo fi ń du ẹ̀gbọ́n mi? Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Wọ́n wá bi mí pé tí àwọn tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà bá wọlé lọ́la, tí wọ́n lé e dànù, ṣé màá bá wọn ṣiṣẹ́? Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n pa iná, wọ́n jáde.

Látọjọ́ yẹn, mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, wọn ò dáhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ìṣubú ọmọ àwọn ni mò ń dúró dè. Èmi? Èmi tí mo máa ń gbàdúrà fún Bọ̀dá? Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ mi sílẹ̀ lálaalẹ́, wọ́n á dé e, wọn ò ní pè mí. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí... Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ speech yìí kí iṣẹ́ mi lọ ni, àbí kí n kẹ́rù kúrò nílé tó sọ mí dèèyàn? Màá tún kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Kí ni kí n sọ tí wọ́n á fi dá mi lóhùn?